Ogun, Ìlú àti Ìjọba: Ọ̀rọ̀ Agbára Ológun ní Ilẹ̀ Gíga Kétu

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Kétu àtijọ́ kò ní ológun, pé Dàhọ̀mì nìkan ni ó ní wọn, àti pé ohun tí ó jẹ́ kí ìlú náà fọ́ ní 1886 nìyẹn. Mo bi í ibi tí ó ti rí i. Ó ní òun bi àwọn àgbàlagbà ní Kétu pé ṣé ìlú wọn ní ológun nígbà náà, wọ́n sì dá òun lóhùn pé rárá o. Mo ti gbé bírò láti fa igi lé gbólóhùn náà kí n tó rí i pé àwọn àgbà náà kò parọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì parọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni kò dúró sójú kan. Àlàyé tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà kò tó, mo sì rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn tí ń kó ìtàn àti ọ̀rọ̀ jọ ní ẹkùn ibodè.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara ìhun. 'Ológun' jẹ́ 'oní' àti 'ogun'. Kọ́ńsónáǹtì 'n' di 'l', fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ 'ogun' sì borí ti ìparí 'oní', gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'olóko' àti 'olówó'. Ohun tí ìhun náà sọ ni 'ẹni tí ó ni ogun'. Nínú ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní gan-an nìyẹn: ọ̀gá tí ó ní ọmọ ẹ̀yìn, tí ó ní ìbọn, tí ó ń bọ́ àwọn tí ń tẹ̀ lé e lọ sójú ogun. Àwọn tí ń tẹ̀ lé e kì í ṣe ológun. Ọmọ ogun ni wọ́n, tàbí jagunjagun, èyí tí a ṣe àpètúnpè 'jagun' láti fi ṣẹ̀dá rẹ̀ bí a ti ṣẹ̀dá 'panápaná' àti 'gbẹ́nàgbẹ́nà'. Jagunjagun ń ṣe nǹkan. Ológun ní nǹkan. Lónìí, 'ológun' ti kúrò ní ti ẹni tí ó ni ogun, ó ti di ti ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́, tí ó wọ aṣọ kákí, tí ó ń gbowó oṣù, tí ó sì ń gbé bárékè. Òun kò ni ogun kankan. Ìjọba ni ó ni ogun, ìjọba ni ó sì ni òun alára.

Ológun oní-kákí yìí ni àwọn àgbà Kétu gbọ́ nínú ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n sì dáhùn bí ó ti yẹ. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ìgbà náà, Kétu kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àgbẹ̀, ọdẹ àti oníṣòwò ni ó ń jagun nígbà tí ogun bá dé, wọn a sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìlú náà ní odi, ó ní yàrà yí odi ká, ó sì ní ẹnubodè tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àkàbà Ìdènà, ilé ẹnubodè onílẹ̀kùn méjì tí ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ wo orúkọ náà. Kì í ṣe 'dí ọ̀nà' ni ó bí i, nítorí 'ìdínà' ni ìyẹn ìbá fún wa. 'Dè ọ̀nà' ni: ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò fún ẹni tí ó lúgọ de ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, bí a ṣe ń sọ pé 'wọ́n dènà dè é'. Ẹnubodè tí à ń pè ní Ìdènà kì í kàn ṣe ògiri tí ó dúró. Ó ń retí ẹni tí ń bọ̀. Ìlú tí ó sọ ẹnubodè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìmọ ètò ogun; ohun tí kò ṣe ni kí ó ya ètò ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ètò ìlú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni 'ìṣèlú'. 'Ṣe' àti 'ìlú' ni: fáwẹ̀lì 'ì' ni a pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kù sórí 'ṣe' tí ó fi di 'ṣè'. Ohun tí òṣèlú ń ṣe ni ìlú fúnra rẹ̀. 'Ìjọba' ní tirẹ̀ jẹ́ jíjẹ ọba. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà jíjẹ ọba jẹ́ ohun tí ń lọ láti agboolé dé agboolé, tí àwọn ìjòyè ń bójú tó. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìbọn gbà á kí ó sì máa pe ara rẹ̀ ní Alákétu. Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, oyè ogun gan-an ni oyè ìlú, débi pé títí di òní ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń gbà dé ipò Olúbàdàn ni ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Èdè kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí Ìbàdàn fi ogun sí nínú ìlú kọ́ ni Kétu fi sí.

Dàhọ̀mì náà tún yàtọ̀. Nínú èdè Fọ̀n, àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì tí òkìkí wọn kàn dé Yúróòpù ní orúkọ tí ó pọ̀. Méjì nínú wọn wúlò fún wa. Àkọ́kọ́ ni 'ahosi', èyí tí ó túmọ̀ sí aya ọba. Èkejì ni 'mino', ìyá wa. Ọba Dàhọ̀mì kò ní láti yá ọmọ ogun lọ́wọ́ agboolé kankan: aya rẹ̀ ni wọ́n lórúkọ, ààfin ni wọ́n ń gbé, òun ni ó ń bọ́ wọn. Ohun tí ó mú mi dúró níbẹ̀ ni pé 'àwọn ìyá wa' jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Kétu náà ń lò fún agbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún agbára ìbọn. Àwọn ìyá wa ní Kétu ni àwọn tí à ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún kí inú wọn lè yọ́. Ọmọ ilẹ̀ Fọ̀n sọ 'ìyá wa', ó tọ́ka sí ẹni tí ó gbé ìbọn. Ọmọ Kétu sọ ọ́, ó tọ́ka sí ẹni tí ìbọn kò ràn.

Orúkọ àwọn ìlú méjèèjì pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Kétu pé orúkọ ìlú náà wá láti inú ìbéèrè kan: ta ni ó lè tú iké abuké, ta ni ó sì lè fọ́ ìlú yìí? Ní ti Dàhọ̀mì, ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé inú ikùn ìjòyè kan tí ń jẹ́ Dan ni wọ́n kọ́ ààfin sí lẹ́yìn tí wọ́n pa á: 'Dan', 'xo' tí í ṣe ikùn, 'me' tí í ṣe inú. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìkankan nínú méjèèjì. Ohùn òkè ni ó wà lórí 'tú', ohùn àárín ni ó sì wà lórí sílébù kejì 'Kétu'; ẹni tí ó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ ní láti ṣàlàyé ibi tí ohùn òkè náà gbà lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn orúkọ tí kò bá òfin ohùn mu kò ṣàìwúlò. Ó ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí ìlú wọn jẹ́. Ìlú kan fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn. Èkejì fi tirẹ̀ ṣe ìròyìn ìṣẹ́gun.

Ìdáhùn náà dé. Dàhọ̀mì ti ń kógun wá sí agbègbè Kétu láti ìgbà Kpengla, ní 1789, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó nígbà ogun wọ̀nyẹn sì dé Bàhíà ní Bràsíìlì, níbi tí orúkọ Kétu ti di orúkọ ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà kan títí di òní. Gezo jọba láti 1818 títí di 1858, Glele sì tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kọlu Abẹ́òkúta, Gezo ní 1851, Glele ní 1864, apá wọn kò ká a. Ìtàn sọ pé ìbọn ará Kétu ni ó ba Gezo kí ó tó kú, pé Glele sì ní ẹ̀san láti gbà. Ní 1883 wọ́n wọ Kétu, wọ́n sun apá kan ìlú, Alákétu Òjèkú sì kú nínú ogun náà. Wọ́n tún padà ní 1886, wọ́n sàga ti ìlú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí omi ṣe jìn sínú ilẹ̀ ní ilẹ̀ gíga yẹn yóò mọ ohun tí ìsàgatì jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìlú bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Abọ́mẹ̀, Kétu sì di ahoro.

Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́? 'Ogun fọ́ Kétu.' 'Ogun kó wọn.' 'Ogun ni ó kó ìyá ìyá mi lọ.' Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ogun ni olùwà. Ó wà ní ipò tí òjò wà nínú 'òjò pa mí', tí ebi sì wà nínú 'ebi ń pa mí'. Kò sí Glele níbẹ̀, kò sí ahosi, kò sí ẹni tí a lè mú lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí mo bá ń túmọ̀ irú gbólóhùn yìí sí Faransé, mo sábà máa ń fi orúkọ Dàhọ̀mì kún un kí ó lè dún dáadáa, mo sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé Yorùbá náà lè fi ọba ṣe olùwà: 'Glele gbógun ti Kétu', 'Glele kógun wá'. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ogun di àbọ̀, ọba sì ń gbé e bí ẹni gbé ẹrù. Ìtàn ààfin àti ìtàn inú ìwé fẹ́ràn ìhun kejì yìí. Ìtàn agboolé, pàápàá láti ẹnu àwọn tí ìyá wọn àgbà jẹ́ ẹrú ní Abọ́mẹ̀, ni mo ti ń gbọ́ ìhun àkọ́kọ́ jù. N kò tíì ka iye rẹ̀ lọ́nà tí ó lè tẹ́ onímọ̀ ìṣirò lọ́rùn. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ náà ṣe.

Faransé ṣẹ́gun Abọ́mẹ̀ ní 1892 lábẹ́ Ọ̀gágun Dodds, Béhanzin sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894. Àwọn ará Kétu tí ó kù padà wálé, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, wọ́n sì fi Alákétu mìíràn jẹ. Ogun ni ó tú wọn ká, ogun àwọn ẹlòmíràn ni ó sì kó wọn padà. Kí wọ́n tó padà dé, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ ní 1889, Ìmẹ̀kọ ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìgbà yìí ni ológun oní-kákí wọ ilẹ̀ náà ní tòótọ́. Faransé ń fi ipá mú ọ̀dọ́mọkùnrin sínú iṣẹ́ ọmọ ogun, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ kò jà. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá ibodè lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn ní apá Nàìjíríà. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn dìde ní 1914. A. I. Asiwaju ti kọ̀wé dáadáa lórí bí ìṣípòpadà ṣe jẹ́ irú ọ̀tẹ̀ kan ní ẹkùn yìí, ẹni tí kò bá sì tíì ka iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ kí ó kọ nǹkan kan nípa Kétu.

Láàrin ìgbà náà, obìnrin kan láti ààfin, Alaba Ida, ni Faransé gbé agbára olórí agbègbè lé lọ́wọ́. Lorelle Semley sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2011, tí ó fi òwe 'ìyá ni wúrà, baba ni jígí' ṣe àkọlé rẹ̀. Ayaba ni obìnrin náà. Ní Abọ́mẹ̀, aya ọba ń gbé ìbọn. Ní Kétu abẹ́ Faransé, aya ọba wà lára àwọn tí ó ní láti pèsè ọmọkùnrin tí yóò gbé ìbọn fún Faransé. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá a jà lé lórí kì í ṣe pé ó jẹ́ obìnrin nìkan, bí àwọn ìwé ìjọba ìgbà náà ṣe máa ń fẹ́ kí á gbà. Ó di ẹnu ọ̀nà tí ogun ẹlòmíràn ń gbà wọ agboolé.

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1960, ológun tún yí ipò padà nínú gbólóhùn. Ní Dàhọ̀mì tuntun yìí, àwọn ológun dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní 1963, 1965, 1967 àti 1969, títí tí Mathieu Kérékou fi gbà á ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 1972, tí kò sì fi sílẹ̀ títí di 1991. 'Àwọn ológun gbàjọba.' Nísinsìnyí ológun ni olùwà, ìjọba sì ni àbọ̀. Ìlú kò sí nínú gbólóhùn náà rárá. Ẹ fi wé 'ogun fọ́ ìlú', ẹ ó rí i pé ohun méjì ti kúrò: ogun ti kúrò ní ipò olùwà, ìlú sì ti kúrò ní ipò àbọ̀. Ìjà tí ó ń lọ wà láàrin bárékè àti ààfin ààrẹ. Ará ìlú ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ọ̀rọ̀ tí ó wá dojú kọ 'ìjọba ológun' láti apá Nàìjíríà ni 'ìjọba alágbádá'. Aṣọ ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, nítorí ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó bá ti bọ́ kákí ti di òṣèlú. Kérékou fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1987, ó sì ṣì ń ṣe ààrẹ. Ó fìdí rẹmi nínú ìdìbò 1991, ó wọlé nínú ti 1996. Ìgbà wo ni ó di alágbádá? Nàìjíríà ti rí ohun tí ó jọ ọ́ lára Obasanjo, àwọn oníròyìn sì hùmọ̀ 'ajagunfẹ̀yìntì' láti fi yanjú ìṣòro náà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni: ẹni náà fẹ̀yìn ti nǹkan, kò sì sọ ohun tí ó fẹ̀yìn tì.

Àkókò Kérékou fi ohun méjì sílẹ̀ tí ó kan àwa tí ń ka èdè. Èkíní kéré, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Igbe ìyípadà ìgbà náà ní èdè Fọ̀n ni 'Ehuzu, dandan', wọ́n sì fi 'Ehuzu' sọ ìwé ìròyìn ìjọba lórúkọ. Ọmọ Kétu tí kò gbọ́ Fọ̀n lè máà mọ̀ pé 'ehuzu' ń sọ pé nǹkan ti yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ 'dandan' fún un. Nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ìjọba náà ń ké, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa ipá ni ó dé etí Yorùbá láìní ògbufọ̀.

Èkejì tóbi. Ní 1975, ìjọba ológun Benin gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà. Ní Nàìjíríà, ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1974, ni a fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí à ń lò lónìí, lábẹ́ ìjọba ológun Gowon. Nítorí náà, ọmọ Kétu kọ 'ɔlɔ́kpàá', ọmọ Ìmẹ̀kọ sì kọ 'ọlọ́pàá'. Ọmọ Kétu kọ 'shɔ́jà', ọmọ Ìmẹ̀kọ kọ 'ṣọ́jà'. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pè é. Mi ò sọ pé ṣọ́jà ni ó jókòó ya ɛ àti ɔ. Àwọn onímọ̀ èdè bíi tiwa ni ó ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ tí ó mọ́gbọ́n dání sì ni, nítorí Benin fẹ́ kí ẹni tí ó bá ti lè ka Fọ̀n lè ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n àṣẹ orílẹ̀-èdè ni ó sọ ọ́ di òfin ní apá méjèèjì, orílẹ̀-èdè sì wà lọ́wọ́ ológun ní apá méjèèjì. Ààlà 1889 tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kò kà sí wá di ohun tí ojú ń rí lórí ìwé. Nínú kíláàsì mi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Ìmẹ̀kọ máa ń sọ pé òun kò lè ka ìwé Kétu, ó sì lè bá ẹni tí ó kọ ọ́ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 kan náà ni ìjọba náà gbógun ti àwọn tí ó pè ní àjẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí agbára tí ìlú ń bẹ̀, tí ó ń jó fún, tí ó ń gbẹ́ igi lé lórí, ni ìjọba ń pè ní ọ̀tá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò kú. UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2001, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ère ṣọ́jà pàápàá wà lára ohun tí àwọn agbẹ́gilére máa ń gbé sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú ọlọ́kadà àti aláròóbọ̀, níbi tí àwọn ìyá ti ń wò ó.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kí ó padà lọ sí Kétu, kí ó má sì dárúkọ ológun mọ́. Mo ní kí ó bi wọ́n pé, 'Nígbà tí ogun ń bọ̀, ta ni ó máa ń jáde?' Ó padà wá pẹ̀lú ojú ewé mọ́kànlá: agboolé tí ń ṣọ́ ẹnubodè, ọdẹ tí ń ṣọ́ igbó, ẹni tí ń ru omi, obìnrin tí ń ro ọkà fún àwọn tí ó wà lórí odi, àti ìyá arúgbó kan tí ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nílé tàwọn, gbogbo ènìyàn ni ó jáde.